Ìbọn Gbígbé Lásìkò Àjálù àti Pàjáwìrì: Ogbe ní Ìlú Benin àti Òfin Nàìjíríà

Ogbe ni apá ìlú Benin tí ààfin Ọba wà. Nínú ètò ìlú náà láyé àtijọ́, ọ̀nà gbọọrọ kan ni ó pín in sí méjì: Ogbe jẹ́ ti Ọba àti àwọn ìjòyè ààfin, Ore n'Okhua sì jẹ́ ti àwọn ìjòyè ìlú àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Lónìí, Ogbe wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oredo, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ibẹ̀ náà ni Pápá Ìṣeré Samuel Ogbemudia wà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì mọ̀ sí Pápá Ìṣeré Ogbe. Ìlú tí ó yí Ogbe ká ti rí ogun, iná, ìfọ́gbà-ẹ̀wọ̀n àti òfin kónílé-ó-gbélé. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó bá a mu fún ìbéèrè tí àyọkà yìí dá lé: bí àjálù bá dé, tí ọlọ́pàá kò sì sí nítòsí, kí ni òfin gbà kí ará ilé fi dáàbò bo ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀?

Òfin Nàìjíríà gbà pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara rẹ̀. Kò gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn. Láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni gbogbo wàhálà ọ̀rọ̀ náà wà, ìgbà pàjáwìrì ni ó sì máa ń hàn jù lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ọ̀ràn yìí, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n túmọ̀ sí. Àjálù ni ibi tí ó já lu ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀: omíyalé, ìjì, iná, àjàkálẹ̀ àrùn. Pàjáwìrì ni ipò tí àjálù dá sílẹ̀, tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ìdúró. Nígbà tí ìjọba bá fi òfin kéde irú ipò bẹ́ẹ̀ lórí agbègbè kan, àwọn oníròyìn a máa pè é ní ìlú-ò-fara-rọ. Kónílé-ó-gbélé yàtọ̀ sí i. Àṣẹ pé kí olúkúlùkù jókòó sílé ni, gómìnà sì lè pa á láìsí ìkéde ìlú-ò-fara-rọ rárá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pa méjèèjì pọ̀. Ó dára kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ti ìbọn fúnra rẹ̀, ṣakabùlà ni ìbọn gígùn tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Àwọn oníṣòwò ará Denmark tí wọ́n kó irú rẹ̀ wá sí etíkun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìbọn àgbélẹ̀rọ ni èyí tí alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ rọ. Ẹni tí ó ń lò ó ni ọdẹ, ọ̀rọ̀ yìí sì gbé ìtàn kan pamọ́: ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọdẹ ni a ń pe ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru, bí kò tilẹ̀ wọ igbó rí. Àwọn ọdẹ ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣọ́ ìlú, torí pé àwọn ni wọ́n ní ìbọn, tí wọ́n sì mọ òru.

Ìbọn ní Benin kí òfin òde òní tó dé

Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó yẹ kí ó ní ìbọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí. Ní 1514, Ọba Benin rán ikọ̀ lọ sí ilẹ̀ Potogí láti béèrè fún ìbọn àti àgbá ogun. Èsì tí Ọba Manuel fi ránṣẹ́ ni pé ó di ìgbà tí Ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá gba ẹ̀sìn Kírísítì. Òfin ìjọ Kátólíìkì nígbà náà kò gbà kí a ta ohun ìjà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Síbẹ̀, àwọn ará Potogí tí wọ́n gbé ìbọn dání wà lára àwọn ère idẹ tí a rọ ní Benin, tí àwọn kan nínú wọn wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù lónìí.

Ní 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn mìíràn fi ọwọ́ sí Àdéhùn Brussels. Àdéhùn náà ṣòfin lòdì sí òwò ẹrú, ṣùgbọ́n ó tún dí ọ̀nà kí a má kó ìbọn ìgbàlódé, èyí tí a ń ki láti ẹ̀yìn, wọ apá tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn tí a ń ki láti ẹnu nìkan ni ó rọ̀ fún. Ibẹ̀ ni ìpínyà kan ti bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parẹ́: ìbọn líle fún ìjọba, ṣakabùlà fún ará ìlú.

Ọdún méje lẹ́yìn àdéhùn náà ni ìpínyà yìí dé Ogbe. Ní oṣù kejì 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí iye wọn tó 1,200, lábẹ́ Harry Rawson, gbógun ti Benin. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, wọ́n gba ìlú. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, iná sọ, ó sì jó ààfin àti ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé èèṣì ni. A kó àwọn ère idẹ lọ, a sì rán Ọba Ovonramwen lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Ọdún 1914 ni Ọba Eweka Kejì gorí oyè, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ààfin kọ́.

Ohun tí òfin ìbọn sọ

Òfin Ìbọn ti 1959, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìbọn tí a kà léèwọ̀: àgbá ogun, bọ́ǹbù, ìbọn tí ń yọ ọta léraléra, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ nìkan ni ó lè fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti ní irú èyí. Ẹ̀kejì ni ìbọn ti ara ẹni, bí ìbọn ọdẹ ìgbàlódé tí kì í ki ara rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ni a ń tọ̀ lọ fún ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí àṣẹ wọn wà ní ìkáwọ́ àwọn aláṣẹ ní ìpínlẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àkíyèsí ipò ìbọn ìléwọ́. Ní Amẹ́ríkà, òun ni ìbọn tí ará ìlú sábà máa ń rà láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìlà kan náà ni òfin tò ó sí pẹ̀lú àgbá ogun. Èyí fi èrò àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà hàn kedere: ìbọn jẹ́ ohun èlò ìṣọdẹ àti eré ìdárayá. Ohun tí ènìyàn lè fi bọ àpò rìn nígboro kò sí nínú ètò wọn.

Òfin náà tún ka àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ fún ní ìwé àṣẹ: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé wà nínú ewu ńlá. Lábẹ́ òfin pàtàkì lórí ìdigunjalè àti ìbọn tí ìjọba ológun ṣe ní 1984, ìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn ₦20,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Òfin yìí kò ya ìgbà àjálù sọ́tọ̀. Kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀ tí ó sọ pé, bí omi bá wọlé tàbí bí ẹlẹ́wọ̀n bá sá, a lè gbé ìbọn fún ọjọ́ díẹ̀ kí a tó lọ gba ìwé.

Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, abala 33 ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé a kò ní kà á sí pé a fi ẹ̀tọ́ ìyè du ènìyàn bí ó bá kú nípasẹ̀ agbára tí ó tọ́, tí òfin gbà, tí a lò láti gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá tàbí láti dáàbò bo dúkìá. Ẹ̀tọ́ ìgbèjà wà nígbà náà. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni òfin fi sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀: ohun ìjà àti ọta wà lára àwọn ohun tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ẹdó kò lè yí òfin ìbọn padà fún ará Ogbe, bí ó tilẹ̀ wù wọ́n.

Ohun tí ó dí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn lọ́nà náà nìyí nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn nínú ilé ìjọsìn kan ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu pariwo pé ó yẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ òun ní ìbọn tí ó lè kojú ti àwọn apààyàn. Àṣẹ náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìlú kò bá fara rọ

Abala 305 ìwé òfin ìpìlẹ̀ fún Ààrẹ ní agbára láti kéde ìlú-ò-fara-rọ. Ogun àti rògbòdìyàn wà lára ìdí tí ó lè fi ṣe é, ṣùgbọ́n àjálù tí ó dá ara rẹ̀ wáyé náà wà níbẹ̀ ní kíkọ. Ilé méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta, láàárín ọjọ́ méjì bí wọ́n bá wà ní ìjókòó, tàbí ọjọ́ mẹ́wàá bí wọn kò bá sí. Àní lábẹ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀, òfin kò gba ìjọba láyè láti tẹ ẹ̀tọ́ ìyè mọ́lẹ̀, àfi ní ti ikú tí ogun bá fà.

Nínú ìṣe, a kì í lò ó fún omi tàbí ìjì. Plateau ní 2004, Èkìtì ní 2006, Borno, Yobe àti Adamawa ní 2013, Rivers ní 2025: ìjà tàbí òṣèlú ni gbogbo wọn dá lé. Kódà nígbà àrùn Kòrónà, òfin àtijọ́ kan lórí ìyàsọ́tọ̀ aláìsàn, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1926, ni Ààrẹ Buhari gùn lé láti ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa láti òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta 2020.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ àyọkà yìí bọ́ sí ìgboro. Ìròyìn gbòde ní Agége, Alágbàdo, Ìfọ̀ àti Sángo pé àwọn ọmọ ìta tí a ń pè ní One Million Boys ń bọ̀ wá jalè. Àwọn ará àdúgbò dáná sun táyà ní oríta, wọ́n fi òru ṣọ́nà pẹ̀lú àdá, igi àti ṣakabùlà. Àwọn kan rí olè lóòótọ́. Àwọn mìíràn rí àhesọ nìkan. Lójú òfin, ẹni tí ó gbé ìbọn láìní ìwé jáde lóru náà ti ṣẹ̀, yálà olè wá tàbí kò wá. Àmọ́ ewu kò ti ọ̀dọ̀ olè nìkan wá. Nígbà tí ó fi di agbedeméjì oṣù kẹrin ọdún náà, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba kéde pé ènìyàn méjìdínlógún ni àwọn agbófinró ti pa nídìí fífi agbára mú kónílé-ó-gbélé ṣẹ.

Ti Benin dé ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yẹn, lákòókò ìwọ́de EndSARS, a fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì nínú ìlú, ti ojú ọ̀nà Sapele àti ti Oko. Iléeṣẹ́ ìjọba tí ọ̀ràn kàn sọ pé ẹlẹ́wọ̀n 1,993 ni a kò rí mọ́. A dáná sun àgọ́ ọlọ́pàá. Gómìnà Godwin Obaseki pàṣẹ kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kí a wo ipò ará Ogbe tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní alẹ́ yẹn: òfin ní kí ó má jáde, àwọn tí wọ́n sá lẹ́wọ̀n wà níta, àwọn ọlọ́pàá tí ì bá pè ń gbìyànjú láti gba ara wọn là, bí ó bá sì fẹ́ ìwé àṣẹ ìbọn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá náà ni yóò ti lọ gbà á. Kò sí ibòmíràn tí àlàfo inú òfin wa ti hàn tó báyìí. Síbẹ̀, ó ṣòro láti sọ pé ìbọn púpọ̀ sí i ni ìlú náà nílò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìlú tí Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbọn dá rú ní 1986 kò gbàgbé bí ìbọn ṣe ń rìn láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ọlọ́pàá kan wà lára àwọn tí a dá lẹ́bi pẹ̀lú rẹ̀.

Omíyalé

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, àwọn àjọ ìjọba sì máa ń kìlọ̀ nípa àkúnya omi lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ní 2012, ènìyàn 363 kú, àwọn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ sì sá kúrò nílé. Ní 2022, àwọn tí ó kú ju 600 lọ, àwọn tí kò nílé mọ́ sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn ìlú etí odò Ọya ní Etsako àti Esan ni omi máa ń bá jà jù. Ti ìlú Benin ni ọ̀gbàrá tí ń wa ilẹ̀, bí èyí tí ó gbẹ́ kòtò ńlá ní Queen Ede.

Nínú omíyalé, ìbọn kì í ṣe olórí ohun tí ènìyàn ń wá. Ọkọ̀ ojú omi, oúnjẹ àti oògùn ni. Ẹ̀tù tí ó bá tutù kì í gbiná, ṣakabùlà sì di igi lásán. Àníyàn tí ó kù ni ti ilé tí a fi sílẹ̀: àwọn ọkùnrin a máa kọ̀ láti bá ẹbí wọn lọ sí àgọ́ nítorí olè, omi a sì ká wọn mọ́ ibẹ̀. Níbi tí ìjọba bá ti pèsè ẹ̀ṣọ́ fún àdúgbò tí omi lé ènìyàn kúrò, àwọn ènìyàn a máa tètè gbà láti kúrò.

New Orleans, 2005

Orílẹ̀-èdè tí ìwé òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ dárúkọ ẹ̀tọ́ ìbọn náà ti bá ìbéèrè yìí pàdé. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 2005, ìjì Katrina kọlu gúúsù Amẹ́ríkà, omi sì bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú New Orleans. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, Eddie Compass, pàṣẹ pé agbófinró nìkan ni yóò mú ìbọn dání, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní in lọ́nà òfin. Àwọn ẹgbẹ́ onífẹ̀ẹ́ ìbọn gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ àpapọ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ilé-ẹjọ́ ti dá ìjọba dúró. Ní 2006, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi kún òfin àjálù wọn pé a kò gbọ́dọ̀ gba ìbọn tí ènìyàn ní lọ́nà òfin nítorí àjálù. Wọ́n yọ ohun kan sílẹ̀: a lè ní kí ẹni tí a fẹ́ gbà là fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ àwọn olùgbàlà.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn láti tọ́ka sí ìtàn yìí sábà máa ń dúró síbẹ̀. Ìyókù rẹ̀ wà. Ní Algiers Point, àdúgbò kan tí omi kò dé, àwọn olùgbé aláwọ̀ funfun kan dí ojú ọ̀nà, wọ́n sì yìnbọn fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń kọjá, torí wọ́n kà wọ́n sí olè. Lórí afárá Danziger, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn ará ìlú tí kò mú ohun ìjà dání. Méjì kú, mẹ́rin fara gbọgbẹ́. Ẹ̀tọ́ ìbọn kò gba àwọn wọ̀nyí là. Ẹni tí ó ní ìbọn àti ẹni tí a fura sí kò sábà jẹ́ ẹnì kan náà.

Uromi, 2025

Ìtàn Ẹdó kan jọ ti Algiers Point ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2025, àwọn ọkùnrin kan, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọdẹ, wọ ọkọ̀ láti Port Harcourt, wọ́n ń lọ sí ilé ní Kano fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ní Uromi, ní àríwá ìlú Benin, àwọn fijilanté dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n sì rí ṣakabùlà nínú ẹrù. Agbègbè náà ti jìyà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ariwo ta pé ajínigbé ni wọ́n, èrò pé jọ, a sì pa mẹ́rìndínlógún nínú wọn, a dáná sun àwọn kan.

A kò kéde ìlú-ò-fara-rọ ní Uromi lọ́jọ́ náà. Ìbẹ̀rù ajínigbé ni ó ti sọ ojoojúmọ́ di pàjáwìrì fún àwọn ará ibẹ̀. Ìbọn tí a bá lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò náà jẹ́ ti ọ̀nà kẹta nínú òfin 1959, èyí tí ó rọrùn jù láti gba àṣẹ fún, irinṣẹ́ tí ọdẹ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ìwé àṣẹ, ibi tí ó bá wà, ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ fún. Èrò tí inú ń bí kì í kà á. Gómìnà Monday Okpebholo dá olórí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ fijilanté tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, láti Uromi títí dé àwọn àdúgbò tí ó yí ààfin Ogbe ká.